Ẹrù Ìpà Láti Òkè Olówùú

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi ni Bàbá Ọdẹ́dínà, ọdẹ àgbà ìlú Alágbọ̀nrín, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí gan-an. Ìdí iná tó ti ń yan ẹran lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló ti sọ ọ́, àwa bíi mélòó kan yí i ká, a ń bá a nu ewé tí yóò fi di ẹran. Àwọn ìtàn rẹ̀ yòókù, ẹ̀rín ló máa ń fi sọ wọ́n. Àmọ́ tó bá kan eléyìí, iṣan ọrùn rẹ̀ á dìde, á sì máa fi igi koná bí ẹni tó ń gún ọ̀tá. Bó ṣe sọ ọ́ ni n ó ṣe sọ ọ́. Níbi tó bá ti fọ́nnu, ẹ jẹ́ kó fọ́nnu, nítorí ẹni tó bá lọ sí ibi tó lọ, tó sì padà wálé, ó tó bẹ́ẹ̀.

"Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́," bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. "Èmi rìn, mo sì rí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọjá odò ìlú yìí, bí ẹ bá fẹ́ ní irọ́ ni mò ń pa, ẹ kọ́kọ́ dìde kí ẹ lọ wò ó. Ẹni tó bá jókòó, kó gbọ́."

Ọdẹ́dínà ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Ògúndìran. Ọdẹ ni bàbá wọn, ọdẹ ni àwọn méjèèjì. Ògúndìran ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìbọn yíyìn. Òun ló kọ́ ọ bí ọdẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀ sókè nínú ewé gbígbẹ, tó ń gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ tí ẹtu kò fi ní gbọ́. Nígbà tó yá, Ògúndìran ní òun ń lọ sí Òkè Olówùú, òkè tó wà lẹ́yìn igbó àwọn iwin, tí òjò dídì bò láti orí dé ìdí, tó funfun bí òwú tó là. Ó ní ẹtu funfun kan wà níbẹ̀ tí ojú ọdẹ kankan kò tíì kàn. Ó wí fún Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tó gbé ọmọ wọn dání, pé, "Mò ń bọ̀." Ó lọ. Iṣu tí wọ́n gbìn nígbà tó lọ, wọ́n wà á, wọ́n jẹ ẹ́ tán; wọ́n gbin òmíràn, wọ́n tún jẹ ẹ́ tán. Kò dé.

Wọ́n gbà pé ó ti kú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Alágbọ̀nrín, bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ àti ọ̀bẹ rẹ̀ jọ, wọ́n á dì í ní ẹrù kan, wọ́n á sì gbé e wọ inú igbó lọ. Ìyẹn ni ìpà. Ìgbà tí wọ́n bá ṣípà tán ni òkú ọdẹ tó bọ́ lẹ́gbẹ́, ìgbà náà sì ni ìyàwó rẹ̀ tó bọ́ nínú opó. Ṣùgbọ́n Ògúndìran kó gbogbo ẹrù ọdẹ rẹ̀ lọ. Kò sí àpò, kò sí fìlà, kò sí ohun tí wọn yóò dì.

Bí Àwẹ̀ró ṣe di ẹni tó jókòó sílé nìyẹn. Amọ̀kòkò ni, kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó o ní gbogbo agbègbè wa. Opó kì í lọ sétí odò lọ wa amọ̀, opó kì í sun ìkòkò. Amọ̀ tó ti pò kalẹ̀ gbẹ, ó le bí òkúta, adìẹ ń dúró lórí rẹ̀ kọ.

"Ọkọ mi," ó wí fún Ọdẹ́dínà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ṣe ń pe àbúrò ọkọ, "ẹ bá mi bi àwọn àgbà. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ti kú, kí wọ́n jẹ́ kí n sunkún mi tán. Bí kò bá sì tíì kú, kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wa amọ̀. Èwo ni mo jẹ́ nínú méjèèjì?"

Ọdẹ́dínà gbé ìbéèrè náà lọ sọ́dọ̀ Olúọdẹ. Olúọdẹ ń jẹ obì lọ́wọ́.

"Kò sí ẹrù, kò sí ìpà," Olúọdẹ wí. "Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe bá a nìyẹn."

"Bàbá, ẹ wo obìnrin náà o. Ó ń kú lọ lórí ìjókòó."

"Mo rí i. Ìbínú kò da nǹkan fún ni, Ọdẹ́dínà. Sùúrù ni baba ìwà."

"Ẹ̀yin lẹ wà lórí àga, òun ló wà lórí ẹní opó, ẹ wá ń pín sùúrù fún un! Tiyín dà?"

Àwọn ọdẹ tó wà níbẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ kó tọrọ àforíjì. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní bó bá jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n ń wá, òun yóò lọ gbé e wá láti ibi tí ẹ̀gbọ́n òun kú sí, òun yóò sì jù ú síwájú wọn. Ó gba ọ̀nà igbó lọ.

Igbó náà, ẹ má bi mí bó ṣe jìn tó. Igi ibẹ̀ ní eyín, ẹyẹ ibẹ̀ ń bú ènìyàn tìyátìyá. Ní àárín igbó, iwin kan jókòó dí ojú ọ̀nà, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó ki ìkòkò tábà bọ etí, ó ń fi etí mu ún.

"Ta ló ń gbé ìbínú wọ igbó mi?" iwin náà wí. "Àwọn igi mi ti ń wọ́wé nítorí rẹ."

"Èmi ni. Kúrò lọ́nà."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Wọn kì í lé mi lọ́nà, àlọ́ ni wọ́n ń já fún mi. Kí ló jókòó tí kò sinmi, tí ojú rẹ̀ kì í gbẹ, tí kò sì sí òkú nílé rẹ̀?"

Ọdẹ́dínà kò tilẹ̀ họ orí. "Àwẹ̀ró ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí èéfín fi ń jáde ní imú rẹ̀. "O kò mọ̀ ọ́n. Òkúta etí odò ni."

"Mo ní Àwẹ̀ró ni!" Ọdẹ́dínà ti ìka bọ iwin náà lójú. "Òkúta wo ni ọmọ ń bi pé bàbá òun dà? Òkúta wo ni wọ́n ní kó má lọ sọ́jà, kó má bá ènìyàn rẹ́rìn-ín, títí ẹni tó lọ ṣeré lórí òkè yóò fi rántí ilé? Ìwọ tó o jókòó tí o ń fi etí mu tábà, ta ló dè ọ́ mọ́bẹ̀?"

Iwin náà yọ ìkòkò tábà létí. Lẹ́yìn náà ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. "Kọjá lọ," ó wí. "Ìdáhùn tìẹ burú ju tèmi lọ."

Ibi tí Bàbá dé yìí, ó nàró, ó gbá àyà. "Ẹ gbọ́ bí? Ẹ̀yin, bí ẹ bá pàdé iwin, ṣòkòtò yín á ṣáájú yín délé. Èmi, iwin ló kó ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà fún! Bí aláǹgbá bá já láti orí ìrókò tí ẹnikẹ́ni kò yìn ín, òun fúnra rẹ̀ á yin ara rẹ̀."

"Bàbá, ẹran ń jó," obìnrin kan wí.

"Jẹ́ kó jó! Òkè ni mò ń gùn lọ yìí."

Nígbà tó dé ìdí Òkè Olówùú, òtútù gbá a létí. Ó gbẹ́sẹ̀ bí ọdẹ, ó tẹ òjò dídì náà, ó sì rì dé ìbàdí. Ó fa ẹsẹ̀ kan yọ, èkejì rì. Ó di ìbọn mú lókè orí, ó ń jà níbẹ̀ bí ẹran tó kó sínú ẹrẹ̀. Bó ṣe ń bú òkè náà lọ ló gbọ́ ẹ̀rín lókè orí rẹ̀.

Obìnrin arúgbó kan ló dúró lórí òjò dídì, kò rì. Irun rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì wọ aṣọ onírun dé ọrùn. Pákó gígùn méjì ló so mọ́ ẹsẹ̀, imú pákó náà yí sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi, ó sì di ọ̀pá méjì mú lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Yèyé Má-gbẹ́sẹ̀. Òun ló ń kọ́ àlejò bí wọ́n ṣe ń rìn ní Òkè Olówùú.

"Ọkùnrin, ṣé òkè lo fẹ́ gùn, àbí o fẹ́ sin ara rẹ?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Yèyé. Ẹrù ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni mo wá gbé. Ọdẹ ni, Ògúndìran lórúkọ rẹ̀."

Yèyé ká ètè pọ̀, bí ẹni tó fi ẹ̀pà tó korò sẹ́nu. "Ẹrù kan wà lókè, lára igi tó wà ní ẹnu bodè ìlú wa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó o gbé wá yìí kò lè gbé ọ débẹ̀."

Ó mú pákó ẹsẹ̀ méjì mìíràn wá. Ó fi bàtà líle kan wọ̀ ọ́, ó fi hàn án bí imú bàtà ṣe ń há mọ́ pákó, tí gìgísẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà ó dojú pákó dé, ó ní kó fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Awọ ẹran onírun ni wọ́n fi bò ó. Ọdẹ́dínà fọwọ́ pa á lọ síwájú, ó sì gún un lọ́wọ́. Ó pa á lọ sẹ́yìn, ó ń yọ̀.

"Ọdẹ ni ọ́," Yèyé wí. "Bí ó bá jẹ́ pé ẹtu ni, ibo ni irun yìí kọjú sí?"

"Ìrù."

"Ó tán. Tó o bá ń lọ síwájú, irun á sùn, pákó á yọ̀. Tí òkè bá fẹ́ fà ọ́ padà, irun á dìde, á di òkè mú. Má ṣe gbẹ́sẹ̀. Wọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Ní Alágbọ̀nrín, olókùnrùn ló ń wọ́sẹ̀. Wọ́n máa ń na ọmọ ọdẹ tó bá wọ́sẹ̀ nínú igbó. Ó ní òun gbọ́, ó bọ́ sórí pákó, ó sì gbẹ́sẹ̀ sókè bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Imú pákó ọ̀tún gun èyí tòsì, ó fojú lulẹ̀. Ó dìde. Ó tún gbẹ́sẹ̀. Ó ṣubú sẹ́yìn. Ó ṣubú sọ́tùn-ún. Nígbà tó di pé pákó méjèèjì gun ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pá kan sì gún un lábíyá, ó bú sí ariwo:

"Ẹ̀yin pákó yìí, igi ìdáná ni yín! Gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ yín, bàbá rẹ̀ kò rí jẹ!"

"Igi ìdáná tó mọ ohun tí ìwọ kò mọ̀," Yèyé wí. "Ta ni ò ń yọ́ lọ bá? Kò sí ẹtu lẹ́sẹ̀ rẹ. O ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ rìn tán, ó wá kù kí o kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn."

Ọdẹ́dínà gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, irun awọ náà ké wẹ́ẹ́rẹ́. Ó wọ́ tòsì. Kò ṣubú. Ó bínú sí i pé kò ṣubú, nítorí arúgbó náà ti ń fi ojú rín in. Ṣùgbọ́n ó wọ́ ọ lọ, títí òógùn fi bò ó nínú òtútù, títí itan rẹ̀ fi ń gbóná bí ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí òkè ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́, Yèyé kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á ṣí awọ kúrò nísàlẹ̀ pákó, wọ́n á ká a sínú aṣọ kí ó má baà dì, wọ́n á wá fi irin há gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ní gígùn, gìgísẹ̀ á wà ní òmìnira. Ní sísọ̀, o ti di ẹrú pákó. Tẹ orúnkún. Má fara tì sẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rù òkè tó fara tì sẹ́yìn, òkè á gbé e." Ọdẹ́dínà fara tì sẹ́yìn, òkè sì gbé e títí dé inú igbó kékeré kan, ó fẹsẹ̀ kọ́ orí igi. Yèyé ní kó gùn ún padà wá. Ó gùn ún padà, ó ń kùn. Ó tún sọ̀. Ó tún gùn ún. Inú rẹ̀ kò fìgbà kan dùn, àmọ́ nígbà tó yá, kò ṣubú mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Yèyé so àdó kékeré kan mọ́ ọn láyà, ó so òmíràn mọ́ ara rẹ̀. Ìrẹ̀ ló wà nínú àdó kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ìrẹ̀ ìlú wa," ó wí. "Bí òjò dídì bá bo ọ̀kan, yóò ké, àwọn yòókù á gbọ́. Ibi tí igbe bá ti le jù ni a máa ń gbẹ́. Máa dákẹ́ lókè. Òjò dídì tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, ọmọ alárùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun ni. Má pariwo níbẹ̀. Ìbọn tó o gbé kọ́ yẹn, gbàgbé pé ó ń dún."

Ọdẹ́dínà ní òun gbọ́. Ó ń gùn lọ níwájú, Yèyé ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jìnnà, nítorí wọn kì í kọ́wọ̀ọ́ rìn níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń la ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá kí ó má baà ru ẹrù ènìyàn méjì pọ̀. Ó gun òkè náà títí ó fi rí igi kan tó dá dúró.

Ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lára igi náà. Àpò awọ rẹ̀ nìyẹn, tí Àwẹ̀ró fi owó ẹyọ ṣe etí rẹ̀. Fìlà rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀wù adíkálà rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ nínú àkọ̀, ìbọn rẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn létòlétò, bí ẹni ń ṣe ilé òkú lọ́ṣọ̀ọ́. Gbogbo ìbínú tó ti gbé láti ilé já lulẹ̀, ẹkún ló rọ́pò rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, pákó kò jẹ́ kó kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ ohun tí ọdẹ máa ń ṣe tó bá dé ibi tí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú sí. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó. Ọwọ́ ló máa ń ṣe é. Ó gbé ìbọn sókè, ó pe orúkọ bàbá wọn, ó sì yìn ín ní ìkíni ìkẹyìn fún Ògúndìran.

Òkè náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan fà gbọọrọ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí igbá là. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè ya, ó sì ń bọ̀. Ó gbọ́ igbe Yèyé lókèèrè, "Mo wí fún ọ!" Lẹ́yìn náà ni funfun bò ó, ó yí i, ó gbé e, ó kì í mọ́lẹ̀ bí ẹni kì ẹ̀gúsí sínú àpò. Ó wá dúró jẹ́ẹ́. Kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Kò lè mi ìka ọwọ́. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí etí, ló fi mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ lòun fi dùbúlẹ̀. Èémí rẹ̀ ń padà bá a lójú, ó sì ń yòrò òjò dídì, ó ń tún un dì. Ó ronú kan Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ó tán. Ẹni tó wá fún ẹrù kan di ẹrù kejì." Ìrẹ̀ inú àdó ń ké láyà rẹ̀, ó ń ké, kò sinmi.

Ọ̀pá gígùn kan gún un ní èjìká. Wọ́n fà á yọ, wọ́n tún fi gún un. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́bìrì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Afẹ́fẹ́ dé. Ẹnìkan fi ọwọ́ gbígbóná gbá òjò dídì kúrò lójú rẹ̀, ó ní:

"Ta ni aláìmòye tó yìnbọn lórí òkè yìí?"

Ọdẹ́dínà la ojú. Ògúndìran ni.

Kò kú. Ó sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tí wọ́n ń fi òróró pa lára. Pákó ẹsẹ̀ tó wọ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún. Àdó ìrẹ̀ wà láyà rẹ̀.

"Àlàmú!" Ògúndìran kígbe, ó pe àbúrò rẹ̀ ní oríkì rẹ̀. "Àbúrò mi! Ìwọ ni! Ta ló kọ́ ọ ní pákó ẹsẹ̀?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn òjò dídì kúrò lára rẹ̀. "Wá jẹun. Mo ti níyàwó níbí. Ọdẹ Ará Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ní ìlú yìí, kò sí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí èmi. Ó yẹ kó o rí mi ní ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn!"

Ọdẹ́dínà yíjú sí Yèyé tó ti dé. "Ẹ mọ̀!"

"Ẹrù lo bi mí," Yèyé wí. "O kò bi mí bóyá ẹni tó ni ín ti kú lóòótọ́." Ṣùgbọ́n kò lè wò ó lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ọdẹ́dínà wí, "Àwẹ̀ró wà nínú opó yín."

"Opó kẹ̀? Ta ló kú? Mo sọ fún un pé mò ń bọ̀."

"Iṣu tó o fi sílẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di ilẹ̀!" Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó fi "o" bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó jókòó sílé. Amọ̀ rẹ̀ ti di òkúta. Ọmọ rẹ ń bi gbogbo ọkùnrin tó bá gbé ìbọn kọjá pé ṣé bàbá òun nìyẹn. Mo yìnbọn ìkẹyìn fún ọ báyìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí i, o wà láàyè, ò ń sanra!"

"Rọra sọ̀rọ̀, òkè yóò tún ya."

"Kó ya! Ó yá, dojú pákó rẹ kọ ìsàlẹ̀, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ògúndìran wo ìsàlẹ̀ òkè. Ó wo pákó pupa rẹ̀. "Ilé? Ọ̀nà jìn o. Àwọn tí mò ń kọ́ ní pákó kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Nígbà tó bá yá. Bá mi kí Àwẹ̀ró. Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

"N kò ní jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn." Ọdẹ́dínà wọ́ ẹsẹ̀, kò gbé e sókè rárá, títí ó fi dé ìdí igi náà tí òjò dídì kò wó. Ó já àpò lára igi, ó já fìlà, ó já adíkálà àti ọ̀bẹ, ó fi okùn àpò dì wọ́n. "Ẹrù yìí ni mo wá gbé. N ó gbé e."

Ojú Ògúndìran yí padà. Ó fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di okùn ẹrù náà mú. "Fi sílẹ̀! Òun ni àlejò máa ń wò tí wọ́n fi ń mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí ẹ bá gbé e wọgbó, ẹ ti fi mí kún òkú. Wọn kò ní pe orúkọ mi mọ́ láàárín ọdẹ. Mi ò tíì kú!"

"Tó o bá wà láàyè, máa bọ̀ nílé."

"Kí wọ́n dúró dè mí! Kí ló ń lé wọn?" Lẹ́yìn náà ó ká ètè. "Àbí ìwọ lo fẹ́ ṣú u lópó? Ṣé ohun tó gbé ọ gòkè nìyẹn, Àlàmú?"

Bàbá ní ibẹ̀ ni ọwọ́ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀bẹ. Ó ní bí kì í bá ṣe ọmú kan náà tí àwọn jọ mu, ọ̀rọ̀ á di ohun tí wọn kì í sọ fún ọmọdé.

"Kò fẹ́ mi," Ọdẹ́dínà wí. "Kò sì fẹ́ ọ. Ó fẹ́ jáde nílé. O dùn mọ́ ara rẹ, o fẹ́ máa gbádùn níbí, kí ẹnìkan sì máa sunkún dè ọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń fi ẹkún obìnrin kan bọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, o sì ń yó. Ẹ̀gbọ́n, gbọ́ mi. Sọ pé o ń bọ̀ lónìí. Má sọ ọ̀la, má sọ nígbà tó bá yá. Sọ pé lónìí, n ó gbé ẹrù yìí kọ́ padà, n ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ lórí òjò dídì yìí, a ó jọ lọ."

Ògúndìran wo Yèyé, Yèyé wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu bodè ìlú, níbi tí obìnrin kan ti dúró tó ń juwọ́ sí i pé oúnjẹ ti ń tutù. Àwọn ìrẹ̀ láyà wọn kò ké mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lára okùn ẹrù náà dẹ̀, ìka kan ṣáájú, àwọn yòókù tẹ̀lé e, títí okùn náà fi bọ́.

"Ó dáa," ni Ọdẹ́dínà wí.

Ó gbé ẹrù náà kọ́ ẹ̀yìn. Ó ṣí awọ onírun kúrò nísàlẹ̀ pákó, ó ká a sínú aṣọ. Irin gìgísẹ̀ kò tètè há. Yèyé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bá a há a. Ó ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó há a fúnra rẹ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà wà níwájú rẹ̀, ó dà bí ògiri tí wọ́n dà dùbúlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun nínú ìkòkò Àwẹ̀ró lónìí," Bàbá wí fún wa, "ẹ mọ̀ bóyá mo délé tàbí n kò délé. Olúọdẹ ní kí n sọ bí òkú ṣe rí. Mo ní mo rí i, ó sanra. Wọ́n ṣípà náà."

Ọdẹ́dínà tẹ orúnkún. Kò fara tì sẹ́yìn. Ó fi ara rẹ̀ fún òkè, òkè sì gbà á.

"Àlàmú!" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé e lókè. "Àlàmú, ọmọ ìyá mi, dúró! Dúró dè mí! Mò ń bọ̀!"

Ó tẹ́tí. Ọdẹ ni, etí rẹ̀ mọ ìró ẹsẹ̀ ẹran nínú ewé gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ ló gbọ́, àti pákó tirẹ̀ tó ń gé òjò dídì. Kò gbọ́ pákó mìíràn.

"Mò ń bọ̀ o!"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ó gba ọ̀tún, ẹrù ìpà dúró ṣinṣin lẹ́yìn rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.